Owó Ìsinmi Kì í Ṣe Owó Tó Ṣẹ́kù

Ìtàn la tún fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n nínú ilé mi lọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 10 bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé a máa lọ síbì kankan ní ọlidé yìí?" Mo dá a lóhùn bí mo ṣe máa ń dá a lóhùn lọ́dọọdún: "Tówó bá ṣẹ́kù, a máa lọ." Ó wò mí, ó ní, "Mọ́mì, kì í ṣẹ́kù." Mi ò rí èsì fọ̀. Aránṣọ ni mí n'Íbàdàn, mẹkáníìkì ni bàbá wọn. Ọjọ́ tá ò bá ṣí ṣọ́ọ̀bù, kò sówó lọ́jọ́ náà nìyẹn. Òun ló jẹ́ kí n lọ wo ìtàn, kí n mọ bí àwọn mẹ̀kúnnù ìgbà kan ṣe ń kó ìdílé wọn lọ gbafẹ́.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Lancashire, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láyé ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Iṣẹ́ òwú ni iṣẹ́ wọn. Aṣọ tí wọ́n ń hun dé ọjà Èkó, àwọn ará Abẹ́òkúta náà sì fi òwú ránṣẹ́ sí Manchester lẹ́yìn ọdún 1850. Torí náà, wọn kì í ṣe àjèjì sí wa pátápátá.

Iṣẹ́ wọn le. Bàbá ń ṣe é, ìyá ń ṣe é, ọmọ ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ìlú kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún, nígbà tí ooru bá mú, tí àwọn ilé-iṣẹ́ òwú ibẹ̀ máa ń tì pa. Wakes Week ni wọ́n ń pè é. Bí Oldham bá ṣe tiwọn tán, á kan ìlú mìíràn. Ojú irin ti dé Blackpool tó wà létí òkun lọ́dún 1846, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń yà sí.

Ọkọ̀ ojú irin ló sọ ìrìn àjò di nǹkan tí mẹ̀kúnnù lè ṣe. Lóṣù keje ọdún 1841, Thomas Cook, tó ń fi igi kan àga àti tábìlì, kó bí èèyàn 500 láti Leicester lọ sí Loughborough, ó sì gba ṣílè kan lọ́wọ́ oníkálukú. Èrò tó pọ̀ ló jẹ́ kí owó ọkọ̀ wálẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tọ́rọ̀ wà nìyí: kò sówó iṣẹ́ fún Wakes Week. Bí ilé-iṣẹ́ bá ti tì, owó náà ti dúró. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n dájọ! Nílé-iṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì, nílé ọtí, wọ́n ń dá owó kékeré lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó di ìgbà ìsinmi kí wọ́n tó kó o. Kì í ṣe bí èsúsù tá a máa ń kó yípo. Ó jọ àjọ alájọ, tí kálukú á kó tiẹ̀. Ẹ má sì rò pé ọ̀dọ̀ wọn la ti kọ́ èsúsù o. Àlùfáà Samuel Johnson ti ṣàlàyé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà wa nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1921.

Wọ́n tún mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ owó ná. Ní Blackpool, ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń yá àlejò ní yàrá máa ń gbà kí àlejò ra oúnjẹ tirẹ̀ wá, kí àwọn bá a sè é. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá padà délé, onílé ń dúró de owó ilé rẹ̀. Kò bá onílé mu pé ẹnìkan lọ gbafẹ́.

Lọ́dún 1936, Billy Butlin ṣí ọgbà ìgbafẹ́ sí Skegness. Ìpolówó rẹ̀ ni pé owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan tó fún ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́dún 1938, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti jà fún un fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin tó ṣínà fún ọ̀sẹ̀ kan ìsinmi pẹ̀lú owó.

Nílẹ̀ wa, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí òṣìṣẹ́ tó ti lo oṣù 12 gba ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, pẹ̀lú owó. Ó dáa. Ta ló máa san ti aránṣọ? Ta ló máa san ti mẹkáníìkì? Ibi tí àwọn ahunṣọ Lancashire wà kí ọdún 1938 tó dé, ibẹ̀ làwa ṣì wà. Ọgbọ́n tiwọn ló sì bá wa mu.

Mo pe bàbá àwọn ọmọ, a pe ọmọ náà sí i, a mú bébà. Ikọ̀gọ̀sì lÉkìtì la mú, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé. A kọ owó ọkọ̀, owó yàrá alẹ́ kan, àti owó oúnjẹ tí a máa sè lọ. Mo wá kọ ẹ̀kẹrin: owó ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù méjèèjì máa fi wà ní títì. Bàbá wọn ní, "Ìyẹn náà wà nínú ẹ̀?" Mo ní òun gan-an ló máa ń dá wa padà. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦120,000. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 40.

Alájọ àdúgbò wa kò ní orí pípé bíi ti Alájọ Ṣómólú, káàdì ló ń kọ ọ́ sí. Ọwọ́ ọmọ mi ni káàdì náà wà. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Láràárọ̀ Sátidé, kí n tó fọ ojú tán, á ti na ọwọ́ sí mi: "Mọ́mì, owó Ikọ̀gọ̀sì dà?"

Ẹ̀yin ńkọ́? Ibo lẹ ti ń ṣèlérí fáwọn ọmọ yín látèṣí? Ẹ kọ ọ́ sí wa. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ire o.