Ìjà àti Ìsá nínú Òfin Gánà

Àwọn àgbà ní akínkanjú tí ó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bá ogun lọ. Òfin Gánà, Act 29 ti ọdún 1960, kò pa á láṣẹ pé kí ẹni tí a gbógun tì kọ́kọ́ sá. Abala 37 rẹ̀ gbà á láyè láti lo agbára tí ó pọn dandan, títí kan pípa ènìyàn bí ọ̀ràn bá le gidigidi. Ní Florida, òfin 2005 ka ọkọ̀ tí ènìyàn wà nínú rẹ̀ mọ́ ilé; Act 29 kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí adigunjalè bá dá awakọ̀ lọ́nà ní Madina, ọ̀kan nínú ohun tí adájọ́ lè wò ni bóyá ọ̀nà ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọkọ̀ tí ó lè gbé e sá náà ni ó lè pa ẹlòmíràn.