Ipò Káàdì Ìsopọ̀ nínú Ìtàn NSFNET, 1986–1995

1. Ìfáàrà

Bí a bá ń pa ìtàn íntánẹ́ẹ̀tì, bí wáyà ṣe ń yára sí i ni ó sábà máa ń gba iwájú. Èrò pépà yìí ni pé ìwọ̀n yẹn nìkan kò tó. Ibi tí wáyà ti wọ inú ẹ̀rọ ni ó yẹ kí òpìtàn yẹ̀ wò pẹ̀lú. NSFNET, tí ó jẹ́ òpópónà íntánẹ́ẹ̀tì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti 1986 títí di 1995, ni pépà yìí fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ráútà ni ẹ̀rọ tí ń gba ìdì ọ̀rọ̀ láti orí wáyà kan, tí ń ka àdírẹ́sì ara rẹ̀, tí ó sì ń darí rẹ̀ sí orí wáyà mìíràn. Káàdì ìsopọ̀ ni pátákó pẹlẹbẹ inú ráútà tí wáyà parí sí.

2. Ìdàgbàsókè Wáyà, 1986–1991

Àjọ National Science Foundation ni ó dá NSFNET sílẹ̀ kí àwọn onímọ̀ ní yunifásítì lè máa lo àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá láti ọ̀nà jíjìn. Ní 1986, kílóbíìtì 56 péré ni wáyà rẹ̀ ń gbé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò pẹ́ tí ẹrù fi pọ̀ ju ọ̀nà lọ. Ní 1987, wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún Merit, ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀ Michigan. IBM pèsè ẹ̀rọ, MCI sì pèsè wáyà. Ní oṣù Keje 1988, ibùdó 13 ti wà lórí wáyà mẹ́gábíìtì 1.5. Ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ IBM RT bíi 9 ni ó para pọ̀ ṣe iṣẹ́ ráútà. Nígbà tí 1991 fi máa parí, wáyà mẹ́gábíìtì 45 ti dé, ẹ̀rọ RS/6000 sì ti gba ipò RT.

3. Ìṣòro Ẹnubodè

Wáyà yára ní ìlọ́po 30, ṣùgbọ́n ètò inú ráútà kò yí padà tó bẹ́ẹ̀. Káàdì àkọ́kọ́ kò lè dá ìpinnu ṣe. Gbogbo ìdì ni ó ní láti dé ọ̀dọ̀ ọpọlọ àárín ẹ̀rọ kí ó tó mọ ibi tí yóò gbà. Bẹ́ẹ̀ ni wáyà kan ṣoṣo lè kó ìdì 10,000 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bíìtì 4,500 wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ńṣe ni ó dà bí ìlú tí ọ̀nà púpọ̀ wọ̀, tí oníbodè kan ṣoṣo sì ń yẹ ẹrù gbogbo èrò wò.

4. Àtúnṣe 1992

Ní 1992, wọ́n fi káàdì RS/960 rọ́pò ti àtijọ́. Káàdì yìí ní ọpọlọ tirẹ̀, ẹ̀dà ìwé-ọ̀nà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdì wá ń ti orí káàdì kan bọ́ sí orí èkejì láìdé ọ̀dọ̀ ọpọlọ àárín. Èyí kò sọ ọpọlọ àárín di aláìníṣẹ́: òun ni ó ń gba ìròyìn ọ̀nà láti ọ̀dọ̀ àwọn ráútà mìíràn, tí ó sì ń tún ẹ̀dà ọwọ́ àwọn káàdì ṣe. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà ni wọ́n tó pa òpópónà mẹ́gábíìtì 1.5, tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun.

5. Àgbálọgbábọ̀

A lè jiyàn pé láìsí wáyà MCI, káàdì kò ní ohun tí yóò gbé. Òtítọ́ ni. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ka iye mẹ́gábíìtì nìkan kò ní rí ìyàtọ̀ kankan láàárín òpin 1991 àti òpin 1992, nítorí 45 ni méjèèjì. Inú ọdún kan yẹn gan-an sì ni iṣẹ́ ráútà yí padà. Wọ́n pa NSFNET ní 30 oṣù Kẹrin 1995, ṣùgbọ́n ìlànà náà kò bá a lọ. Juniper M40, tí ó jáde ní 1998, ya iṣẹ́ ìmọ̀nà sọ́tọ̀ pátápátá kúrò lára iṣẹ́ ìdarí ìdì. Nítorí náà, ó yẹ kí ìtàn òpópónà íntánẹ́ẹ̀tì máa ka ọdún tí káàdì yí padà mọ́ ọdún tí wáyà yí padà.