Bọ́ọ̀sì Onírin Tí Wọn Ò Jẹ́ Kó Jáde ní Àpápá

Ẹni tó bá ti wọ dánfó l'Ékòó rí mọ̀ pé ara ọkọ̀ máa ń sọ̀rọ̀. Awakọ̀ kan á kọ àdúrà síwájú, òmíràn á kọ òwe sẹ́yìn, ẹlòmíì á fi bú ọ̀tá tí àwa èrò ò mọ̀. A máa ń kà á nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, a ó rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. A ò tíì gbọ́ pé wọ́n ti dánfó kan mọ́lé nítorí ohun tí wọ́n kọ sí i lára.

Ṣùgbọ́n lọ́dún 2015, bọ́ọ̀sì kan ti London dé sí èbúté Àpápá. Irin ni wọ́n fi ṣe é látòkè délẹ̀. Kò gbé èrò, kò gbé ẹrù òfin. Ọ̀rọ̀ ló wà lára rẹ̀, orúkọ òkú sì wà níbẹ̀. Àwọn aṣọ́bodè gbẹ́sẹ̀ lé e. Ìtàn bọ́ọ̀sì náà la fẹ́ sọ lónìí, pẹ̀lú ìtàn obìnrin tó ṣe é.

Sokari Douglas Camp lorúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní Buguma lọ́dún 1958, nílẹ̀ Kalabari, ní ibi tí à ń pè ní Ìpínlẹ̀ Rivers lónìí. Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Robin Horton, wà lára àwọn tó tọ́ ọ dàgbà. Ọ̀mọ̀wé nìyẹn, ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí nípa ẹ̀sìn àti eégún àwọn Kalabari. Sokari kàwé iṣẹ́ ọnà ní California, ó tún kà á ní London, níbi tó ti gboyè ní Royal College of Art lọ́dún 1986. London náà ló fi ṣe ibùjókòó títí di òní.

Nílẹ̀ Kalabari, ẹgbẹ́ Ekine ló ni eégún, ọkùnrin ló sì ni ẹgbẹ́. Obìnrin á wòran, á kọrin, á pàtẹ́wọ́, ó tán. Àwa náà ò ṣàì mọ irú òfin bẹ́ẹ̀. Kí wá ni Sokari ṣe? Ó mú páànù irin, ó fi ṣe eégún tirẹ̀. Lọ́dún 1995, àwọn eégún onírin rẹ̀ dúró gbagidi nínú Museum of Mankind ní London. Ọ̀kan nínú wọn ni Otobo, ìyẹn erinmi, tó ti di ti British Museum báyìí. Ohun tí wọn ò jẹ́ kó fọwọ́ kàn nílé, ó fi iná jó o pọ̀ lẹ́yìn odi.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ ńlá àràmàǹdà kan ni a ń sọ o. Tẹ́ ẹ bá ti dúró rí níwájú ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, ẹ ti rí irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ń fi iná gé páànù, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń lu ihò sí i, ó sì ń jó etí rẹ̀ mọ́ra wọn. Páànù kì í ṣe òkúta. Inú ère náà ṣófo, ìmọ́lẹ̀ á gba ojú ihò kọjá, afẹ́fẹ́ á wọlé. Lọ́dún 2005, ó ṣe àwọn obìnrin tó wọ aṣọ ẹbí fún British Museum. Ó gé òdòdó léèsì sára irin títí irin fi dà bí aṣọ. Àwa tí à ń ra aṣọ ẹbí lóṣooṣù, a mọ̀ pé léèsì wúwo lápò. Sokari jẹ́ kó wúwo lójú pẹ̀lú.

Nígbà míì, àgbá epo tí wọ́n ti lò tán ló ń gé. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti kan epo rọ̀bì.

Ọdún 1956 ni wọ́n rí epo ní Oloibiri. Nígbà tó di 1958, wọ́n rí i nílẹ̀ Ogoni, tí òun àti Kalabari jọ wà ní Rivers. Epo ń ṣàn jáde, owó ń wọlé fún ìjọba àti iléeṣẹ́, àmọ́ oko àti odò àwọn Ogoni ń bàjẹ́. Ken Saro-Wiwa, òǹkọ̀wé tó kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn, tó kọ ìwé Sozaboy, tó tún gbé eré Basi and Company sórí tẹlifíṣọ̀n, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ MOSOP sílẹ̀ lọ́dún 1990 láti jà fún ilẹ̀ wọn. Lóṣù karùn-ún ọdún 1994, àwọn jàǹdùkú pa ìjòyè Ogoni mẹ́rin. Ìjọba ológun Sani Abacha ní Saro-Wiwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló wà nídìí rẹ̀. Wọ́n ní irọ́ ni. Ìgbìmọ̀ pàtàkì kan ló dá wọn lẹ́bi, láìsí àyè fún kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Lọ́jọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1995, wọ́n yẹgi fún àwọn mẹ́sàn-án ní Port Harcourt.

Lọ́dún 2006, ẹgbẹ́ Platform ní London gbé iṣẹ́ ìrántí fún Sokari. Ó lè ṣe ère ọkùnrin tó mu páìpù sẹ́nu, bí a ṣe máa ń rí Saro-Wiwa nínú fọ́tò. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀sì ló ṣe, ó tóbi bíi bọ́ọ̀sì gidi. Ó kọ ọ̀rọ̀ Saro-Wiwa sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tó fi ẹ̀sùn ìpẹ̀yàrun kan àwọn iléeṣẹ́ epo. Ó to àgbá epo sórí òrùlé rẹ̀ fún orúkọ àwọn mẹ́jọ yòókù. Ó mọ ohun tó ń ṣe: ère á dúró sójú kan, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ní ibi tó ń lọ.

Ibi tó ń lọ ní 2015 ni Ogoni, fún ìrántí ogún ọdún. Kò dé ibẹ̀. Ìdí tí wọ́n sọ pé ó fà á ni pé òṣèlú wà nínú rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, Hameed Ali, tó wà nínú ìgbìmọ̀ tó dájọ́ àwọn mẹ́sàn-án ní 1995, ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀gá àgbà àwọn aṣọ́bodè. Báyẹn ni ìtàn Nàìjíríà ṣe kúrú tó: ogún ọdún kọjá, ojú tó wà níbẹ̀ nígbà yẹn la tún bá lẹ́nu bodè.

Lọ́dún 2011, àjọ UNEP ti gbé àbọ̀ ìwádìí jáde pé títún ilẹ̀ Ogoni ṣe lè gba ọdún 25 sí 30. Lọ́jọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2025, Ààrẹ Tinubu kéde ìdáríjì àti oyè ọlá fún àwọn mẹ́sàn-án. Ọ̀pọ̀ inú dùn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ta là ń dárí jì? Ẹni tó bá ṣẹ̀ ni. Ìdáríjì ò sọ pé ọwọ́ wọn mọ́. Bọ́ọ̀sì yẹn ò tọrọ ìdáríjì rárá. Ẹjọ́ ló ń rò.

Púpọ̀ nínú àwa tó ń ka èyí ni wọn ò tíì bí ní 1995. Ní iléèwé, kò sẹ́ni tó sọ ìtàn yìí fún wa dáadáa. Irin ló bá wa pa á mọ́, láti ọwọ́ obìnrin Kalabari tí òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe Ogoni. Nítorí náà, bí ẹ bá tún wà nínú gosiló l'Ápápá, tí ẹ ń ka ohun tó wà lẹ́yìn dánfó, ẹ rántí ọkọ̀ kan tó gbé orúkọ mẹ́sàn-án débẹ̀, tí wọn ò jẹ́ kó jáde. Ẹ dárúkọ wọn: Ken Saro-Wiwa, Barinem Kiobel, Saturday Dobee, Paul Levera, Nordu Eawo, Felix Nuate, Daniel Gbooko, John Kpuine, Baribor Bera.