Mẹ́dàlì Ogun Amúnisìn ní Gúúsù Nàìjíríà

Mẹ́dàlì ogun amúnisìn ni fàdákà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì máa ń kọ́ sí àyà àwọn ọmọ ogun nígbà náà tó bá a gba ilẹ̀ wa. Ọdún 1913 ni wọ́n tó sọ Port Harcourt, ìlú èbúté ní gúúsù Nàìjíríà, lórúkọ. Púpọ̀ nínú ogun wọ̀nyí ti parí kí ìlú náà tó dáyé, àmọ́ orúkọ àwọn odò àti ìlú agbègbè rẹ̀ wà lára mẹ́dàlì tí àwọn olùkójọ ń wá kiri títí dòní.

Èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1892 fún Ìlà-oòrùn àti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló ṣáájú. Orí Ọbabìnrin Victoria wà níwájú rẹ̀. Ẹ̀yìn jẹ́ àwòrán ìjà nínú igbó. Igbó Ashanti, ní Gáánà òde òní, ni o, torí ogun 1873 sí 1874 ni wọ́n kọ́kọ́ ya á fún. Wọn ò wulẹ̀ yí i padà.

Ọ̀pá fàdákà pẹlẹbẹ tó dábùú rìbọ́ǹ ló ń sọ ogun tí ẹni náà jà. “Brass River 1895” ni ti Nembe. Ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company ti gba òwò lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀, ebi sì ń pa wọ́n. Ní January 1895, Ọba Koko ti Nembe kó ọkọ̀ ojú omi lọ kọlu ilé-iṣẹ́ náà ní Akassa. Oṣù kejì ni àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì dáná sun Nembe. “Benin River 1894” ni ti ogun tí wọ́n bá Nana Olomu, olórí àwọn Itsekiri, jà, “Niger 1897” ni ti Bídà àti Ìlọrin. Ìjẹ̀bú tó ṣubú ní Ìmàgbọn kò tilẹ̀ rí orúkọ gbà: “1892” lásán ni wọ́n kọ, àwọn ìjà mìíràn sì tún bá a pín in.

Mẹ́dàlì kejì, ti 1902, ní “Aro 1901-1902” fún ogun Arochukwu, ó sì ní “Nigeria 1918”, ìyẹn Ogun Àdùbí nílẹ̀ Ẹ̀gbá.

Etí mẹ́dàlì ni olùkójọ ń kọ́kọ́ wò. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ nọ́ńbà, ipò àti orúkọ ẹni tó gbà á sí. Ìlú ni ọ̀pọ̀ ṣọ́jà dúdú fi ń ṣe orúkọ kejì, bíi Belo Akure, tó gba àmì ẹ̀yẹ ìgboyà DCM nínú ogun Kamẹrúùnù.

Àwọn ẹlẹ́tàn a máa ha orúkọ ṣọ́jà lásán kúrò létí, wọn a kọ ti ọ̀gágun sí i kí owó rẹ̀ lè lé. Mílímítà 36 ni fífẹ̀ mẹ́dàlì náà láti etí kan dé èkejì. Èyí tí wọ́n bá ti ha á kéré sí i. Bí ìwọ̀n bá pé, ó kù kí wọ́n wá orúkọ náà nínú ìwé àkọsílẹ̀ tó wà ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù.