Ìṣẹ́tí Táìlì Ọnà Nínú Balùwẹ̀

Ìṣẹ́tí táìlì ni iṣẹ́ tí a fi ń parí etí táìlì tí kò kan ògiri tàbí táìlì mìíràn, kí amọ̀ inú rẹ̀ má baà wà ní gbangba. Balùwẹ̀ ló ti wọ́pọ̀ jù, níbi tí ọ̀já táìlì ọnà ti máa ń parí iṣẹ́ ara ògiri: lókè níbi tí ọ̀dà ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù ilẹ̀kùn, àti ní igun fèrèsé. Táìlì tàbí táìsì ni àwọn Yorùbá Nàìjíríà ń pè é. Ní Ṣábẹ̀ẹ́ (Savè) àti káàkiri orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè ìjọba, kàró ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí.

Lọ́dọ̀ aránṣọ ni a ti yá ọ̀rọ̀ náà “ìṣẹ́tí”, ó sì bá iṣẹ́ yìí mu. Aránṣọ tó mọṣẹ́ ti máa ń fi ààyè etí sílẹ̀ kí ó tó fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ. Ẹni tó ń tẹ́ táìlì náà gbọ́dọ̀ ti mọ bí etí yóò ṣe parí kí ó tó lẹ ẹyọ àkọ́kọ́ mọ́ ògiri.

Ìdí tí etí fi ń fẹ́ ìtọ́jú

Amọ̀ tí a sun nínú iná ni táìlì ògiri, ojú rẹ̀ nìkan ni a sì fi oje dídán bò. Ní etí, amọ̀ náà ló ń hàn, yálà pupa tàbí funfun. Ìlànà àgbáyé ISO 13006 pín táìlì sí ìsọ̀rí nípa bí ó ṣe ń mu omi tó: èyí tí omi tó ń mu kò ju ìdá 3 nínú 100 ìwúwo rẹ̀, èyí tó wà láàárín 3 sí 10, àti èyí tó ju 10 lọ. Ìsọ̀rí tó ń mu omi jù yìí ni púpọ̀ nínú táìlì ògiri wà, nígbà tí táìlì porcelain kì í mu ju ìdá 0.5 nínú 100 lọ. Etí tí a kò bò ń fa omi ọṣẹ bí àpáàdì. Yóò dúdú, yóò hu èéhù, ọ̀dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò sì máa ṣí. Etí tí a gé, tí a kò ha á dán, tún lè ya ọmọdé lára.

Ní Ṣábẹ̀ẹ́

Ìlú Yorùbá ni Ṣábẹ̀ẹ́, ní ẹkùn Collines ní àárín gbùngbùn Benin, lẹ́sẹ̀ àwọn òkè àpáta. Ó wà lójú ọ̀nà ńlá àti ojú irin tó so Kútọnu mọ́ Parakou. Òjò máa ń rọ̀ níbẹ̀ láti nǹkan bí oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá, ọyẹ́ á sì tẹ̀lé e. Ìgbà méjèèjì ló kan oníṣẹ́ táìlì. Lásìkò òjò, ara ògiri kì í tètè gbẹ, omi tó sì bá gba etí wọlé kì í tètè jáde. Lásìkò ọyẹ́, símẹ́ǹtì tí a fi ń lẹ táìlì lè gbẹ lójú kí ó tó dì mú, nítorí náà ìwọ̀nba tí ọwọ́ lè tètè bò ni a ń tẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Níbi tí a bá ti ń fi korobá wẹ̀, omi máa ń ta dé etí ọ̀já náà lójoojúmọ́.

Àwọn ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é

Táìlì elétí róbótó. Iléeṣẹ́ ló ti yí etí rẹ̀ sísàlẹ̀, tí oje dídán sì ṣàn bò ó. Bí ọ̀já tí a rà bá ní irú ẹ̀ yìí, òun ló rọrùn jù.

Baguette. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí a fi alumíníọ̀mù, ike tàbí idẹ ṣe. Ní ọdún 1975, Werner Schlüter, oníṣẹ́ táìlì ní ìlú Iserlohn ní Jámánì, gbé irú rẹ̀ tí a fi irin ṣe jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ní ihò ń wọ abẹ́ táìlì, símẹ́ǹtì á sì gba inú ihò náà dì í mú. Ìdí nìyí tí a kò fi lè ki í bọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti gbẹ. Gíga rẹ̀, bíi mílímítà 8, 10 tàbí 12.5, gbọ́dọ̀ bá sísanra táìlì mu. Bí ọ̀já bá fẹ́lẹ́ ju táìlì yòókù lọ, a ó fi símẹ́ǹtì gbé e sókè kí ojú wọn lè dọ́gba. Kí a tètè nu símẹ́ǹtì kúrò lára alumíníọ̀mù, nítorí ó ń jẹ ẹ́.

Gígé ní ìdagẹ̀rẹ̀. Ní igun tó yọ síta, a ń fi ẹ̀rọ gé ẹ̀yìn táìlì méjì ní dígírì 45, kí wọ́n lè pàdé. Kí a má gé e títí yóò fi mú bí abẹ, nítorí oje ojú rẹ̀ yóò máa bó. Eruku tó ń jáde ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára: omi lórí abẹ ẹ̀rọ, ìbòmú àti awò ojú ṣe pàtàkì.

Híha àti dídí. Bí kò bá sí ohun mìíràn, a lè fi òkúta ìpọ́n ha etí náà títí yóò fi dán, kí a sì fi símẹ́ǹtì ìdí-ojú-táìlì tó bá àwọ̀ rẹ̀ mu tẹ́ ẹ ní ìdagẹ̀rẹ̀. Silicone, gọ́ọ̀mù ìdí àlàfo, kì í ṣe aṣọ fún etí tí a kò tíì ha. Àlàfo tó wà láàárín táìlì àti férémù ni iṣẹ́ rẹ̀.

Etí nínú iṣẹ́ àwọn baba ńlá

Ní Ilé-Ifẹ̀, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn, àpáàdì ni wọ́n fi ń tẹ́ àgbàlá. Wọ́n ń tò wọ́n ní ìdúró, etí sókè, wọ́n sì máa ń fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun ya ọnà sí àárín wọn. Ìtàn Ifẹ̀ so iṣẹ́ náà mọ́ Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni. Awalẹ̀pìtàn Frank Willett wú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ síta ní Ìta Yemòó ní Ifẹ̀ láti ọdún 1957, Peter Garlake náà sì rí i ní Ilẹ̀ Ọbàlárá ní ọdún 1971 sí 1972. A ti rí irú rẹ̀ ní Tógò àti Benin pẹ̀lú. Àwọn baba ńlá wọ̀nyẹn fi etí ṣe ojú, nítorí àpáàdì tó dúró kì í tètè fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ tẹ́ balùwẹ̀, kí ó ra ohun ìṣẹ́tí ní ọjọ́ kan náà tó ra táìlì, kí ó sì fi ibi tí etí yóò parí sí han oníṣẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.