Christopher Okigbo: Akéwì tí ó Bógun Lọ

Bí a bá ń dárúkọ àwọn akéwì tí ìlú Ìbàdàn wò dàgbà, a kò gbọdọ̀ fo Christopher Okigbo. Ọmọ Ìgbò ni, ará Ojoto tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Anambra lónìí. Olùkọ́ ilé-ìwé ìjọ Àgùdà ni bàbá rẹ̀. Síbẹ̀, ilẹ̀ Yorùbá ni iṣẹ́ ewì rẹ̀ ti ta gbòǹgbò. Ní 1950 ó wọ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì, Ìbàdàn, láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Nígbà tí ó yá, ó pa á tì, ó gba ẹ̀kọ́ Gíríìkì àti Látìn, ó sì parí ní 1956. Ó ṣe iṣẹ́ díẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún, kò pẹ́ nídìí èyíkéyìí. Ní 1958 ó di olùkọ́ èdè Látìn ní Fìdítì. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ lẹ́yìn náà pé ìparí ọdún yẹn ni òun mọ̀ dájú pé òun kò lè jẹ́ nǹkan mìíràn bí kò ṣe akéwì. Kí ẹ̀yin olùkọ́ ìgbèríko má ṣe fojú kéré ibùjókòó yín!

Ní 1961, òun pẹ̀lú Wọlé Ṣóyínká, J. P. Clark àti Ulli Beier, ọmọ Jámánì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Júù, wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Mbari ni ó tẹ Heavensgate jáde ní 1962.

Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá fiyè sí nìyí. Nígbà tí Okigbo fẹ́ yin Yeats, akéwì ilẹ̀ Ireland, ìlànà oríkì Yorùbá ni ó mú lò. Ní 1963, tí Ṣẹ́gun, àkọ́bí Awólọ́wọ̀, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀, tí wọ́n sì rán bàbá rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n, ọ̀ràn náà ni Okigbo fi ìlù sunkún lé lórí nínú "Lament of the Drums". Ní ọdún yẹn kan náà ni ó gbé Sefi, ọmọ Àtá Ebira, níyàwó. Àwa ará Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ kò sì jìnnà sí Òkene, ilé àna rẹ̀.

Ní 1966 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn ewì ní Dakar. Ó kọ̀ ọ́, nítorí kò gbà pé ewì ní àwọ̀ ara. Ní ọdún náà ni wọ́n pa àwọn Ìgbò nípakúpa ní Àríwá. Okigbo padà sílé, òun àti Achebe sì dá ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀ ní Enugu. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Keje 1967. Ó wọṣẹ́ ológun Biafra, ó di májò, ó sì kú lójú ìjà nítòsí Nsukka kí ọdún náà tó parí.

Ní 1971 Ali Mazrui kọ ìwé ìtàn kan tí ó fi gbé Okigbo lọ sí ilé-ẹjọ́ lọ́run: ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé ó fi ẹ̀yà ṣáájú ewì. Èmi kò fara mọ́ ẹ̀sùn yìí pátápátá. Isaac Rosenberg, akéwì àti ayàwòrán, ọmọ àwọn Júù tí ó ṣí wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kú sójú ogun ní 1918; nítorí owó tí ìyá rẹ̀ yóò máa gbà ni ó ṣe wọṣẹ́ ológun. Kò sẹ́ni tí ó pè é lẹ́jọ́. Okigbo ní tirẹ̀ rí i tí wọ́n ń pa àwọn ará ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n àdánù náà kò ṣeé sẹ́: Labyrinths, àkójọ ewì rẹ̀, kò jáde títí di 1971, "Path of Thunder" tí ó fi sọ tẹ́lẹ̀ pé ogun ń bọ̀ ni ó sì wà ní ìparí rẹ̀.