Ta Ló Ń Wo Ọgbẹ́ Nínú Ìjà? Ìtàn Bọ́tìnì Ìwòsàn Nínú Géèmù Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Bí ọkọ̀ tó ń ti Èkó lọ sí Bìní bá dúró ní Ọ̀rẹ̀ kí àwọn èrò lè jẹun, kì í pẹ́ tí àgbàlagbà kan yóò fi rántí gbólóhùn àtijọ́ náà: “Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!” Oṣù Kẹjọ ọdún 1967 ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra tó ti gba Bìní dé ìlú yìí, tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbò lónìí, tí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ sì dá wọn dúró. Nínú ìtàn tí a ń sọ nípa ìjà náà, a máa ń ránti ẹni tó yìnbọn àti ẹni tó sá. Ẹni tó ń di ojú ọgbẹ́ kì í sábà wọ inú ìtàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ogun tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń jà lójú kọ̀ǹpútà lónìí. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù tí ènìyàn púpọ̀ jọ ń gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnìkan ń gba ìyà ọ̀tá sára, àwọn kan ń kọlu ọ̀tá, ẹlòmíràn sì jẹ́ oníṣègùn tí kì í jẹ́ kí ẹgbẹ́ kú. Ìtàn ìka ọwọ́ oníṣègùn yìí ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ìbéèrè tó wà nínú rẹ̀ kan gbogbo wa: níbo ni ìrànlọ́wọ́ ẹ̀rọ parí sí, níbo sì ni ẹ̀rọ ti ń gba ipò ènìyàn?

Ohun méjì ni oníṣègùn inú géèmù fi ń yára. Àkọ́kọ́ ni keybind, èyí tí í ṣe yíyan bọ́tìnì kan pàtó fún iṣẹ́ kan pàtó. Èkejì ni macro, èyí tí í ṣe síso àṣẹ méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ sábẹ́ bọ́tìnì kan ṣoṣo. Ó jọ àfọ̀ṣẹ àwọn baba wa. Ẹni tó ní àfọ̀ṣẹ kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ewé àti egbò nígbà tí ọ̀tá bá yọ. Ó ti pèsè rẹ̀ sílẹ̀, ó ku kí ó sọ̀rọ̀.

Ọdún 1978 ni Roy Trubshaw bẹ̀rẹ̀ géèmù MUD ní Yunifásítì Essex ní Ìlú Ọba, tí Richard Bartle sì bá a mú un gbòòrò. Kò sí àwòrán níbẹ̀; ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń tẹ̀. Nígbà tó di àwọn ọdún 1990, ètò bíi TinTin jẹ́ kí àwọn tó ń gbá irú géèmù bẹ́ẹ̀ gé àṣẹ gígùn kúrú. Ó tún jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ṣe nǹkan fúnra rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ kan bá ti hàn. Ènìyàn lè pàṣẹ pé bí òun bá ti gbọgbẹ́, kí a lo oògùn, kí ó sì lọ jẹun. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1999 ni EverQuest jáde. Ìwòsàn tó lágbára jù níbẹ̀, Complete Heal, máa ń gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kó tó ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀tá ńlá lè pa ènìyàn kí àáyá mẹ́wàá tó pé. Àwọn oníṣègùn wá tò tẹ̀léra. Bí márùn-ún bá wà, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ ní àáyá méjì lẹ́yìn èkejì rẹ̀, ìwòsàn yóò máa bọ́ sórí aláìsàn ní àáyá méjì méjì. Macro wọn a bẹ̀rẹ̀ ìwòsàn, a sì kéde fún ẹni tó kàn pé àsìkò rẹ̀ tó. Bí ẹnìkan bá tòògbé, gbogbo ẹgbẹ́ lè kú. Bọ́tìnì ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló ń fọkàn bá iṣẹ́ lọ.

World of Warcraft, tó jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2004, ló sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Ogójì ènìyàn lè jọ kọlu ọ̀tá kan. Àwọn agbágéèmù ṣe ètò àfikún kan tó ń jẹ́ Decursive. Bí oníṣègùn bá ń tẹ bọ́tìnì kan ṣoṣo, ètò yìí yóò wá ẹni tí èpè tàbí àìsàn wà lára rẹ̀, yóò yan oògùn tó yẹ, yóò sì wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ìka nìkan ni ènìyàn mú wá.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2006, ilé iṣẹ́ Blizzard yí òfin padà. Láti ìgbà náà, ètò àfikún kò lè yan aláìsàn tàbí oògùn fún ènìyàn mọ́ nígbà tí ìjà bá ń lọ. A ṣì lè gbé máòsì sórí orúkọ ẹni tó gbọgbẹ́ kí a tẹ bọ́tìnì kan, kí ìwòsàn sì lọ bá a tààrà. Ṣùgbọ́n ojú ènìyàn ló gbọ́dọ̀ rí ọgbẹ́ náà. Ẹni tó kọjá ààlà pátápátá ni ẹni tó ṣe Glider, ètò tó ń gbá géèmù náà fúnra rẹ̀ nígbà tí olówó rẹ̀ ń sùn. Ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní Amẹ́ríkà sì dájọ́ ní ọdún 2010 pé yíyẹ tí Glider ń yẹ ètò ìṣọ́ Blizzard sílẹ̀ lòdì sófin.

Àwọn kan ní ojo ló ń lo macro. N kò gbà. Àṣẹ tí ọmọ Ọ̀rẹ̀ bá tẹ̀ ní láti la abẹ́ òkun kọjá dé sáfà ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà, kí èsì tó padà. Macro kò lè sọ òkun di odò kékeré, ṣùgbọ́n ó lè dín iṣẹ́ ìka kù kí àṣẹ tó gbéra. Ẹni tí ọwọ́ ń dùn, tàbí tí ìka rẹ̀ kò pé, lè tipa bẹ́ẹ̀ bá ẹgbẹ́ jà.

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ààlà ọdún 2006 yẹ kí a rántí rẹ̀, lónìí tí ẹ̀rọ ń wọ ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ àti iléeṣẹ́ ìròyìn. Kí ẹ̀rọ bá wa gbé ẹrù, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí a pè ní oníṣègùn gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí òun ń wò, kí ó sì mọ ìdí rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ti ń yan aláìsàn, tó tún ń yan oògùn, orúkọ lásán ni oníṣègùn ń jẹ́.